Caspar David Friedrich, Ayàwòrán tí ó fi Òkè àti Òkun Sọ Ẹ̀dùn Ọkàn Rẹ̀

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá jù lọ ẹ̀yin olùkọ́, ti rí àwòrán kan rí nínú ìwé, níbi tí ọkùnrin kan gbé dúró lórí àpáta, tí ó kẹ̀yìn sí wa, tí ọ̀pá ìtilẹ̀ wà ní ọwọ́ rẹ̀, tí kùrukùru sì bo gbogbo àfonífojì tí ó wà níwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Díẹ̀ nínú wa ni ó mọ orúkọ ẹni tí ó yà á, àwọn tí ó sì mọ irú ìpọ́njú tí ọkùnrin náà là kọjá kí ó tó lè ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan rárá. Ní oṣù yìí a fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí ó kan àwa ọmọ Ìjọ gidigidi: bóyá ó tọ́ kí òkè àti igi àti ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run dúró níbi tí a ti máa ń retí àwòrán Olúwa àti ti àwọn ẹni mímọ́, àti ibi tí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lè gbé ẹkún rẹ̀ lọ nígbà tí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 1774 ni a bí Caspar David Friedrich ní ìlú Greifswald, ní etí Òkun Báltíìkì. Èdè Jámánì ni wọ́n ń sọ ní ìlú náà, ṣùgbọ́n abẹ́ ọba Swídìnì ni ó wà ní ìgbà náà. Baba rẹ̀, Adolf Gottlieb, a máa ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là tà. Ọmọ mẹ́wàá ni wọ́n bí nínú ilé náà, Caspar David sì ni ìkẹfà. Ọmọ Ìjọ Lúútà ni wọ́n, baba wọn sì mú ọ̀rọ̀ ìsìn le gan-an: a kò fi àdúrà àti Bíbélì ṣeré lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ikú kò jẹ́ kí ilé náà sinmi. Ní ọdún 1781, nígbà tí ọmọ náà kò tíì pé ọdún méje, ìyá rẹ̀ kú. Ní ọdún kejì, Elisabeth arábìnrin rẹ̀ kú. Ní oṣù kejìlá ọdún 1787 ni èyí tí ó burú jù nínú gbogbo wọn ṣẹlẹ̀. Kí àwa tí a ń gbé ní ilẹ̀ tí omi kì í dì lè mọ bí ó ti rí, ẹ jẹ́ kí a sọ pé ní ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún, ojú omi a máa di yìnyín ní ìgbà òtútù, a sì le bí òkúta tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé a máa sáré lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibòmíràn kì í le tó. Yìnyín là mọ́ àwọn ọmọ náà lẹ́sẹ̀, Johann Christoffer, àbúrò Caspar David, sì rì sínú omi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé Caspar David fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ já sínú omi, pé nígbà tí àbúrò rẹ̀ ń gbìyànjú láti fà á jáde ni ó kú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan ni ó jáde láàyè nínú omi tí ẹlòmíràn kú sí nítorí rẹ̀. Ní ọdún 1791, Maria ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún kú. A kò rí i kà pé ó fi ẹnu sọ púpọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí nígbà tí ó dàgbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ti rí nínú rẹ̀, àwòrán rẹ̀ ni kí ó lọ wò.

Ní nǹkan bí ọdún 1790 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ iṣẹ́ àwòrán lọ́dọ̀ Johann Gottfried Quistorp, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Greifswald. Quistorp a máa kó àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ rẹ̀ jáde sí gbangba láti lọ ya igi àti òkúta bí wọ́n ti rí gan-an. Ọwọ́ olùkọ́ yìí ni ó ti mọ àlùfáà kan tí a ń pè ní Kosegarten, ẹni tí ó ń ṣe ìtọ́jú ìjọ ní erékùṣù Rügen, tí ó sì tún jẹ́ akéwì. Ní ìgbà tí àwọn apẹja kò lè fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì nítorí pé ẹja ń wọ́ wá, àlùfáà yìí a máa tọ̀ wọ́n lọ sí etí òkun ní abúlé Vitt, a sì máa wàásù fún wọn níbẹ̀, pẹ̀lú ìró ìgbì òkun ní etí wọn. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé Ẹlẹ́dàá fi ìwé méjì lé ènìyàn lọ́wọ́, Bíbélì àti ẹ̀dá ayé, àti pé ẹni tí ó bá ní ojú lè kà wọ́n méjèèjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ aláàbẹ́là náà gba ẹ̀kọ́ yìí, kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kú.

Ó lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Copenhagen ní ilẹ̀ Dẹ́nmákì láti ọdún 1794, ní ọdún 1798 sì ni ó fi ìdí kalẹ̀ sí Dresden, níbi tí ó gbé títí ayé rẹ̀. Fún ọdún púpọ̀, lẹ́ẹ̀dì àti tàdáwà aláwọ̀ ilẹ̀ ni ó fi ń ṣiṣẹ́ jù lọ. Ní ọdún 1805 irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ méjì mú kí ó pín nínú ẹ̀bùn ìdíje tí Goethe, akọ̀wé ńlá ilẹ̀ Jámánì, dá sílẹ̀ ní Weimar. Ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀dà tí a fi òróró pò ṣe iṣẹ́ ní pàtàkì.

Ọ̀dà olóròóró yìí yẹ kí a sọ̀rọ̀ lé lórí díẹ̀, nítorí pé nínú rẹ̀ ni agbára ayàwòrán náà wà. Òróró kì í tètè gbẹ. Nítorí náà ẹni tí ó bá ní sùúrù lè ta á sórí aṣọ tí a nà mọ́ igi ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó dúró dè é kí ó gbẹ, kí ó sì tún ta òmíràn lé e, tí ìmọ́lẹ̀ yóò fi máa là wọ́n kọjá bí ìgbà tí ó ń là ojú fèrèsé aláwọ̀ kọjá. Friedrich ní sùúrù náà. Nígbà tí ó bá jáde, lẹ́ẹ̀dì ni ó fi ń ya igi kọ̀ọ̀kan àti àpáta kọ̀ọ̀kan, a sì máa kọ ọjọ́ tí ó yà á sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá dé ilé, yóò mú igi láti ibì kan, òkè láti ibòmíràn, yóò sì to wọ́n pọ̀ bí ọkàn rẹ̀ ti rí i. Òtítọ́ ni igi náà, òtítọ́ ni òkè náà, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n gbé wà pọ̀ ní ayé àfi nínú àwòrán rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Kersting ya yàrá tí ó ti ń ṣiṣẹ́, a sì rí i pé òfìfo ni: ògiri lásán, igi àwòrán, àga kan, àti fèrèsé tí a dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè ti òkè nìkan wọlé. A ń sọ ọ́ pé ní ọjọ́ tí ó bá ń ya ojú ọ̀run, aya rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a sọ̀rọ̀.

Wàyí o, ní àkókò Kérésìmesì ọdún 1808, Friedrich ṣí ilẹ̀kùn yàrá yìí fún àwọn ará ìlú láti wá wo iṣẹ́ titun kan. Ó ti fi aṣọ dúdú bo tábìlì, ó ti mú kí inú yàrá náà ṣókùnkùn díẹ̀, ó sì gbé àwòrán náà kalẹ̀ bí ẹni gbé nǹkan sórí pẹpẹ. Ohun tí wọ́n rí ni ṣóńṣó òkè olókùúta kan, tí igi fírì hù sí i lára. Ní orí rẹ̀ ni àgbélébùú tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró, pẹ̀lú ère Olúwa wa lára rẹ̀, tí ó kọjú sí oòrùn tí ń wọ̀, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kẹ̀yìn sí ẹni tí ń wò ó. Ìtànṣán ń ti ẹ̀yìn òkè yọ sókè sínú àwọsánmà pupa. Férémù rẹ̀ ni Kühn, agbẹ́gilére kan, gbẹ́ bí Friedrich ti júwe rẹ̀: imọ̀ ọ̀pẹ ní òkè pẹ̀lú orí àwọn kérúbù, àti ní ìsàlẹ̀ ojú Ọlọ́run nínú igun mẹ́ta, pẹ̀lú ọkà àti èso àjàrà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó ti kúnlẹ̀ rí níbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1809, ọkùnrin ọ̀mọ̀wé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Basilius von Ramdohr kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn láti ta ko àwòrán náà. Ó ní kò bójú mu rárá kí àwòrán ilẹ̀ àti igi máa yọ́ wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó sì máa rá pálá gun orí pẹpẹ. Ó tún ní ayàwòrán náà kò tẹ̀ lé ìlànà: kò fi bí ọ̀nà jíjìn ti rí hàn, ó sì fi òkè kan ṣoṣo dí gbogbo ojú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ń bẹ̀rù pé ara gbígbóná àti ẹ̀dùn ọkàn lásán ni ènìyàn yóò rí gbà níbẹ̀, tí yóò sì máa pe ìyẹn ní ìsìn. Àwọn ọ̀rẹ́ Friedrich dìde láti gbèjà rẹ̀. Òun náà, ẹni tí kì í fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, kọ díẹ̀ láti fi ìtumọ̀ rẹ̀ hàn: pé oòrùn tí ń wọ̀ ni ayé àtijọ́ tí ó ti kọjá, nígbà tí Baba ń bá ènìyàn rìn ní gbangba, pé Olúwa lórí igi ni ó gba ìtànṣán ìkẹyìn náà tí ó sì ń tàn án sí wa, pé àgbélébùú dúró lórí àpáta gẹ́gẹ́ bí ìgbàgbọ́ wa ti dúró, àti pé igi fírì, tí ewé rẹ̀ kì í rẹ̀ ní ìgbà òtútù, ni ìrètí tí a ní nínú Ẹni tí a kàn mọ́ igi.

A kò rò pé òmùgọ̀ ni Ramdohr. Ẹni tí ó bá ti rí i bí ènìyàn ti lè sunkún níbi orin dídùn, kí ó sì jáde kúrò níbẹ̀ láìyí ìwà padà, yóò mọ̀ pé ìbẹ̀rù rẹ̀ ní ìdí. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ó gbàgbé pé ó sàn kí a fi òkè hàn tí a kò lè bọ, ju kí a fi ère tí ènìyàn lè dojúbolẹ̀ fún lọ, àti pé Onísáàmù ti gbé ojú rẹ̀ sókè sí àwọn òkè ṣáájú Friedrich. Ní tiwa, ẹ̀bi tí a lè rí nínú iṣẹ́ náà ni pé férémù rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ jù. Àwòrán náà ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kí ojú Ọlọ́run ìsàlẹ̀ yẹn tó dá sí i. Ìjòyè von Thun àti aya rẹ̀ ni ó ra àwòrán náà fún ilé ńlá wọn ní Tetschen ní ilẹ̀ Bòhémíà. Kì í sì ṣe inú ilé àdúrà wọn ni wọ́n gbé e sí, yàrá tí wọ́n ń sùn ni.

Bí ìjà yìí ti ń lọ lọ́wọ́, ọ̀fọ̀ tún ń ṣẹ̀ ẹ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 1808 ni Dorothea ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, ẹni tí ó ti dà bí ìyá fún un láti ìgbà tí ìyá wọn ti lọ. Ní ọdún 1809 baba rẹ̀ kú. Ní àárín àkókò yìí ni ó ya àwòrán méjì tí a kà sí olórí iṣẹ́ rẹ̀. Ní ti èkíní, mọ́ǹkì kan ṣoṣo dúró ní etí òkun, kékeré bí èèrà, iyanrìn funfun ní abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, òkun dúdú níwájú rẹ̀, ojú ọ̀run sì gba gbogbo ìyókù. Kò sí igi, kò sí ilé, kò sí ọkọ̀. Ní ìgbà tiwa yìí, nígbà tí àwọn onímọ̀ fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wo inú àwòrán náà, wọ́n rí i pé ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Friedrich fi ọ̀dà pa wọ́n rẹ́. A rò pé kò sí ohun tí ó fi ọkàn rẹ̀ hàn ju pípa tí ó pa ọkọ̀ wọ̀nyẹn rẹ́ lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá wà, ènìyàn yóò máa rò pé ẹnìkan ń bọ̀ wá mú òun kúrò níbẹ̀. Ó mú ìtùnú kékeré náà kúrò, kí ó má bàa sí ẹlòmíràn tí a ó gbé ojú lé bí kò ṣe Ẹni tí ó ni òfuurufú náà.

Ní ti èkejì, ahoro ṣọ́ọ̀ṣì Eldena tí ó wà nítòsí Greifswald ni ó yà, láàárín àwọn igi óákù tí kò ní ewé. Àwọn mọ́ǹkì gbé pósí kan, wọ́n ń kọjá lẹ́bàá ibojì tí a ti gbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń wọ ẹnu ọ̀nà tí ó ti wó, níbi tí àgbélébùú wà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣú dùdù, ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ mọ́ bí ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀. Ẹni tí ó bá yára wò ó yóò rí òkú nìkan. Àwọn baba wa sọ pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, èyí gan-an sì ni ọkùnrin yìí ń ṣe nínú iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1810 wọ́n gbé àwòrán méjèèjì hàn ní Berlin, ọba Prussia sì rà wọ́n, bí ọmọ rẹ̀ àrẹ̀mọ, ọ̀dọ́mọdé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ti bẹ̀ ẹ́.

Ogun Napoleon dé, ó sì kọjá. Friedrich kórìíra àwọn ọmọ-ogun Faransé, ó sì sá lọ sí àwọn òkè ní ọdún 1813 nígbà tí ogun gba Dresden kan. Ní ọdún 1816 a gbà á sínú ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ti ilé-ẹ̀kọ́ ọnà Dresden, pẹ̀lú owó thaler 150 lọ́dún. Pẹ̀lú èyí ó rò pé òun lè bọ́ aya. Ní oṣù kìíní ọdún 1818 ó fẹ́ Caroline Bommer, ó sì yà wọ́n lẹ́nu púpọ̀ ní ilé, nítorí ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, gbogbo ènìyàn sì ti gbà pé kò ní gbéyàwó mọ́. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà ó mú ìyàwó lọ kí àwọn ará rẹ̀, wọ́n sì dé erékùṣù Rügen, níbi tí òkè ẹfun funfun gbé sọ̀ kalẹ̀ ṣánṣán sínú òkun. Àwòrán tí ó ti ibẹ̀ jáde dùn ún wò: obìnrin kan nínú aṣọ pupa, ọkùnrin kan tí ó kúnlẹ̀ tí ó ń yọjú wo ọ̀gbun, òmíràn tí ó fara ti igi tí ó ń wo òkun lọ, àti ọkọ̀ kékeré méjì tí ó ń fi ìgbòkun lọ ní jíjìnnà. Ó ti dá ọkọ̀ padà!

Láti ìgbà yìí lọ ni ènìyàn túbọ̀ ń pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn ni a sábà máa ń rí. Àwọn kan bú u pé kò mọ ojú ènìyàn yà. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kọjú sí wa nínú àwòrán, òun ni a ó máa wò, a ó máa béèrè bí inú rẹ̀ bá dùn tàbí ó bàjẹ́. Ẹni tí ó kẹ̀yìn sí wa, ohun tí òun ń wò ni àwa náà yóò wò, gẹ́gẹ́ bí ìjọ tí ó wà lẹ́yìn àlùfáà nígbà tí ó bá kọjú sí pẹpẹ. Ẹ̀dùn ọkàn náà kò sí ní ojú ẹni náà, ó wà nínú òṣùpá, nínú kùrukùru, nínú òkun, a sì ń bá a pín in. Nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe kọ̀ fún Goethe, nígbà tí ẹni ńlá yẹn ní kí ó ya oríṣiríṣi ìkúùkù fún òun gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ti pín wọn. Ó ní òun kò ní fi ìkúùkù sínú ìdè.

Ní oṣù kẹta ọdún 1820, olè kan pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ Gerhard von Kügelgen, ayàwòrán bíi tirẹ̀, bí ó ti ń rin lọ sí Dresden. Kügelgen yìí wà nínú àwọn tí ó gbèjà rẹ̀ nígbà ìjà ti Ramdohr. Friedrich ya ibojì ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1823 sí 1824, ó ya Òkun Yìnyín. Àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nígbà náà nípa àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń fi ọkọ̀ wá ọ̀nà kiri ní ìhà àríwá ayé. Friedrich kò dé ibẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó ti dúró ní etí odò Elbe ní ìgbà òtútù, ó sì ti ya bí yìnyín ti ń fọ́ tí ó ń gorí ara wọn. Nínú àwòrán náà, yìnyín ti gbá jọ bí òkúta ibojì ńlá, ó nàró sí òfuurufú. Ó pẹ́ kí ojú ènìyàn tó rí ìdí ọkọ̀ kan tí ó ti dojú dé ní ẹ̀gbẹ́ kan, kékeré báyìí. Kò sí ẹnìkan láàyè níbẹ̀. Ẹni tí ó bá rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1787 kò ní ṣàìmọ ibi tí yìnyín yẹn ti wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún mẹ́rìndínlógójì ti kọjá. Kò sí ẹni tí ó rà á. Ó wà nínú ilé rẹ̀ títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ayé ti ń yí padà. Omi titun ti rú, ẹja titun sì ti wọ inú rẹ̀: àwọn ènìyàn ń fẹ́ àwòrán tí ó tẹ́ ojú lọ́rùn, tí ó ní ìtàn tí a lè tètè mọ̀. Ní ọdún 1824 a sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní orúkọ, ṣùgbọ́n ipò olùkọ́ àwòrán ilẹ̀ tí ó ṣófo ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, a kò fi fún un. Zhukovsky, akéwì ará Rọ́ṣíà tí ó ń kọ́ ọmọ ọba, kò fi í sílẹ̀. Ó ń ra iṣẹ́ rẹ̀ fún ìdílé ọba Rọ́ṣíà, owó náà sì gbà á lọ́wọ́ ebi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. A kò gbọdọ̀ fi í pamọ́ pé ní àkókò yìí ìwà rẹ̀ kò rọrùn. Ó di ẹni tí ń dá wà, ó ń fura sí àwọn ọ̀rẹ́, ó tilẹ̀ ń fura sí aya rẹ̀ láìnídìí, ó sì mú ayé nira fún obìnrin náà tí ó bí ọmọ mẹ́ta fún un.

Ní nǹkan bí ọdún 1835 ó ya àwòrán kan tí ó fi ara rẹ̀ àti ilé rẹ̀ sí. Etí òkun ìlú ìbí rẹ̀ ni, ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá arúgbó kan, èyí tí í ṣe òun tìkára rẹ̀, ń rìn lọ pẹ̀lú ọ̀pá, ó kẹ̀yìn sí wa. Níwájú rẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ wà, àwọn méjì kékeré sì ń fi àsíá Swídìnì ṣeré. Ènìyàn márùn-ún ni ó wà ní etí òkun, ọkọ̀ márùn-ún ni ó sì wà lórí omi, tí wọ́n ń bọ̀ wá sí èbúté. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni àrùn ẹ̀gbà kọ lù ú. Ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára fún ọ̀dà olóròóró mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ó padà sí tàdáwà àti lẹ́ẹ̀dì tí ó fi bẹ̀rẹ̀, ó ń ya òṣùpá, òwìwí àti ibojì. Ó kú ní Dresden ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 1840, nínú àìní, a sì sin ín síbẹ̀ ní itẹ́ òkú ti Mẹ́talọ́kan.

Fún ọdún tí ó lé ní ọgọ́ta, orúkọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ará Nọ́wè kan, Andreas Aubert, ni ó tún bẹ̀rẹ̀ sí wá ìtàn rẹ̀ kiri, ní ọdún 1906 sì ni a kó méjìlélọ́gbọ̀n nínú iṣẹ́ rẹ̀ jọ sí ojú kan ní Berlin fún gbogbo ènìyàn láti wò. Iná tí ó jó ilé ìpàtẹ ńlá kan ní Munich ní ọdún 1931 run mẹ́sàn-án nínú àwọn àwòrán rẹ̀. Ìjọba Hitler fẹ́ sọ ọ́ di tiwọn, èyí sì mú kí ojú ti àwọn kan láti dárúkọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ogun. Ní ọdún 2024, nígbà tí ó pé 250 ọdún tí a ti bí i, Hamburg, Berlin àti Dresden pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀, New York náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2025. Mọ́ǹkì náà ṣì dúró ní etí òkun rẹ̀ ní Berlin. Òkun Yìnyín, tí Dahl ọ̀rẹ́ rẹ̀ rà lẹ́yìn ikú rẹ̀, wà ní Hamburg. Àwòrán àgbélébùú lórí òkè, tí wọ́n bá a jà lé lórí, wà ní Dresden nínú ilé ìpamọ́ àwòrán, pẹ̀lú férémù rẹ̀, kò sì tíì dé orí pẹpẹ títí di òní.